Iṣẹ́ ọlọ́pàá nínú ìlú ńlá: bí o ṣe máa ṣe é láti ìgbà tí o bá wọṣẹ́ títí dé iwájú adájọ́

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé yunifọ́ọ̀mù fún ọ, ìbọn ìbàdí rẹ ni ojú àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ lọ. Òun náà ni àwọn ará ilé rẹ á máa rò lálẹ́. Ṣùgbọ́n lọ bi àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí: púpọ̀ nínú wọn ló máa fẹ̀yìn tì láìyìnbọn sí ẹnikẹ́ni. Ojú àti etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń tún un ṣe, bírò ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ọlọ́pàá tí kò bá lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí kò sì lè kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó yé ẹlòmíì, kò tíì mọ iṣẹ́, bó ti wù kó lágbára tó.

Àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín sí téṣàn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun nínú ọkọ̀ ìṣọ́, ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún wọn léraléra ni mo kó jọ síbí. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì. Níbi tí àṣẹ ilé iṣẹ́ rẹ bá ti yàtọ̀ sí tèmi, àṣẹ ilé iṣẹ́ rẹ ni kí o tẹ̀ lé.

Kí o tó jáde ní téṣàn

Dé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò. Àwọn tó fẹ́ máa lọ sílé mọ ohun tí kò sí nínú ìwé: ilé tí wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru, ọkùnrin tó lérí pé òun ń padà bọ̀, títì tí iná rẹ̀ ti kú. Bi wọ́n kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ni kí o ka ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ti òní àti ti àná.

Yẹ ara rẹ wò. Ọrùn rẹ ni ẹ̀wù ayẹta gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe nínú bùútù ọkọ̀. Fi rédíò pe téṣàn, kí o mọ̀ dájú pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Mú tọ́ọ̀ṣì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán, nítorí pé ibi tó ṣókùnkùn nínú ilé kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì-mẹ́ta, àti bírò méjì. Ọ̀já tí wọ́n fi ń di apá tàbí itan tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀, fi í síbi tí ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ ti lè tó o, torí ó lè jẹ́ ìwọ gan-an ló máa fara pa, kó sì jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa kù fún ọ láti fi ṣiṣẹ́.

Wo táyà ọkọ̀, wo iná, dán fèrè rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, gbé àga ẹ̀yìn sókè kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ṣe é kí o tó jáde, kí o sì tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé ẹnì kan tí o sì já a sílẹ̀. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rí ọ̀bẹ kékeré kan lábẹ́ àga náà nígbà tí a ń ṣíwọ́. Èèyàn mẹ́ta la ti gbé lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè sọ ẹni tó ni ín, mi ò tilẹ̀ lè búra pé kò ti wà níbẹ̀ láti àná. Ọ̀bẹ yẹn kò wúlò fún ẹjọ́ kankan mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ti jókòó sẹ́yìn mi tòun tọ̀bẹ, mi ò sì mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ mi tí mi ò fúnra mi yẹ ara rẹ̀ wò, bí ẹlẹgbẹ́ mi bá tilẹ̀ sọ pé òun ti yẹ̀ ẹ́.

Mọ àdúgbò tí wọ́n fún ọ

Nígbà tí Robert Peel dá ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ lọ́dún 1829, ẹsẹ̀ ni àwọn kọ́ńsítébù fi ń rìn, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ máa yí ká. Ọkọ̀ àti rédíò ló gbé ọlọ́pàá kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì gbà gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ pé bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ṣáà ti ń yí kiri, olè á sá. Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1972 sí 1973, wọ́n dán an wò. Wọ́n pín àdúgbò 15 sí ọ̀nà mẹ́ta: márùn-ún tí ọkọ̀ ìṣọ́ kò wọ̀ àfi bí wọ́n bá pè é, márùn-ún tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, márùn-ún tí wọ́n sọ ọkọ̀ ibẹ̀ di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ìwà ọ̀daràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn, ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará àdúgbò náà kò sì yàtọ̀.

Má torí ìyẹn sọ pé ìṣọ́ kò wúlò o. Ohun tó ń sọ ni pé yíyí kiri láìní ibi tí ò ń lọ kì í ṣe iṣẹ́. Lọ́dún 1989, àwọn onímọ̀ tó yẹ ìpè ọlọ́pàá ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà wò rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àdírẹ́sì ìlú náà ni ìdajì gbogbo ìpè ti ń wá. Ìlú tìrẹ náà á ní irú àwọn ibẹ̀ yẹn. Wá wọn rí. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń dáhùn ìpè ní téṣàn, yóò kà wọ́n fún ọ láìwo ìwé. Bí kò bá sí ìpè, lọ gbé ọkọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sọ̀ kalẹ̀, rìn, kí èèyàn, kí o sì tẹ̀ síwájú. Ìwádìí tí Christopher Koper, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, ṣe lọ́dún 1995 fi hàn pé ìwọ̀n àkókò yẹn ló dára jù. Bí o bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àǹfààní rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Kọ́ orúkọ èèyàn. Mọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé alájà púpọ̀ lóru, ìyá arúgbó tó máa ń jókòó sójú fèrèsé, olùkọ́ tó máa ń ti géètì ilé ìwé. Má dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kó o tó sọ orúkọ rẹ fún wọn. Ẹni tí o ti kí nígbà mẹ́wàá láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa pè ọ́ lẹ́ẹ̀kọkànlá.

Bí wọ́n bá pè ọ́ síbi ìṣẹ̀lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó ń wá látinú rédíò kì í pé. Ẹni tó pe téṣàn lè máa sunkún, ó lè máa sá lọ, ó sì lè máa parọ́. Kí o tó débẹ̀, béèrè padà: ta ló pè, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, ṣé ẹnì kan ti fara pa, ṣé ohun ìjà wà níbẹ̀, ṣé a ti lọ sílé yẹn rí? Ìbéèrè márùn-ún yìí kò gba ìdajì ìṣẹ́jú.

Di bẹ́líìtì rẹ, kí o sì wakọ̀ débi tí wàá fi dé. Ọlọ́pàá tí ọkọ̀ rẹ̀ bá forí sọ nǹkan lójú ọ̀nà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí rẹ̀, ó tún ti sọ ara rẹ̀ di ìṣẹ̀lẹ̀ kejì tí àwọn yòókù máa wá yanjú.

Sọ ibi tí o wà lórí rédíò kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan ilẹ̀. Gbé ọkọ̀ kalẹ̀ ní ilé méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tí ò ń lọ, rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀, dín ohùn rédíò kù, kí o sì dúró díẹ̀ kí o fetí sílẹ̀. Ohun tí o bá gbọ́ níta kí wọ́n tó mọ̀ pé o ti dé lè jẹ́ òótọ́ ìkẹyìn tí wàá gbọ́ nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà. Bí o bá fẹ́ kanlẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ni kí o dúró sí, má dúró sí iwájú rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó wo ojú rẹ̀. Ojú lè le kó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọwọ́ ni í mú ohun ìjà.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, tí kò sì sí ẹni tó ń kú lọ lọ́wọ́, dúró de ẹnìkejì rẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ọmọ tuntun bíi kó wọlé láti fi hàn pé ẹ̀rù kò ba òun. Kò sí ẹni tó ń bu ọlá fún ìyẹn.

Ẹnu ni kí o kọ́kọ́ lò

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó lẹ́nu iṣẹ́ wa. Kí èèyàn, sọ orúkọ rẹ, sọ ìdí tí o fi wá, kí o sì jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Tom Tyler, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1990, rí i pé àwọn èèyàn máa ń gba òfin, kódà nígbà tí ìdájọ́ kò bá ṣojú rere sí wọn, bí wọ́n bá rí i pé wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn, wọn kò sì fi àwọn wọ́lẹ̀. Èmi náà ti rí i: ẹni tí mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé mo jẹ́ kó pe ìyá rẹ̀ kí a tó lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀yin ọlọ́pàá. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀ ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, “jókòó,” “gbé ọwọ́ sókè,” “má mira,” kò sí bí ẹni yẹn ṣe máa ṣe é tí kò ní rú òfin ẹnì kan. Jìnnà sí i díẹ̀. Sọ gbólóhùn kúkúrú, kí o dákẹ́, kí o jẹ́ kó wọlé sí i létí. Àkókò kì í ṣe ọ̀tá rẹ níbẹ̀. Bí ẹni náà bá wà lójú kan, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, o lè fi wákàtí kan bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé ń fẹ́ sùúrù ju èyí lọ. Ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní àrùn ọpọlọ lọ́dún 1987, wọ́n dá ikọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 1988 tí wọ́n ń fi wákàtí 40 kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń kọ́ni ní téṣàn rẹ, fi orúkọ sílẹ̀. Bí wọn kò bá kọ́ ọ, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: pa fèrè àti iná ọkọ̀, má sọ pé irọ́ ni ohùn tó ń gbọ́, má sì sọ pé ìwọ náà ń gbọ́ ọ. Bi í bóyá ohùn náà ń sọ pé kó pa ara rẹ̀ tàbí kó pa ẹlòmíì. Béèrè oògùn tó ń lò, àti ẹni tó fọkàn tán.

Ìjà inú ilé

Ibí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀ jù.

Kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ẹnì kan wà ní yàrá kan, kí ìkejì wà ní òmíràn, débi tí wọn kò fi ní rójú ara wọn, ṣùgbọ́n kí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ ṣì máa rí ara yín. Má mú ẹnikẹ́ni wọ ilé ìdáná, ọ̀bẹ ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ẹ bọ́ síta díẹ̀ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn wéra. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó pariwo jù kọ́ ló jẹ̀bi, ẹni tó sì kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá kọ́ ló jàre. Wo ara wọn: ojú ibi tí eyín ti bu ni lápá máa ń jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fún mọ́lẹ̀, tó sì bu ẹni tó dì í mú jẹ.

Má lo ọmọ wọn gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò yẹ ní ẹni tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bàbá òun lu ìyá òun, ìbẹ̀rù ilé tó máa padà sùn sí ló sì máa darí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wá ògbufọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n fi ojú ara rẹ rí gbogbo ọmọ tó wà nílé, àní bí wọ́n bá ní wọ́n ti sùn.

Lẹ́yìn náà, béèrè ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í béèrè: “Ṣé ó fún yín lọ́rùn?” Béèrè rẹ̀ tààrà, níbi tí ẹnìkejì kò ti gbọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fúnra wọn sọ ọ́, nítorí lójú wọn, ìyẹn kì í ṣe lílù. Gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ti há, bi í bóyá ó ń dùn ún láti gbé itọ́ mì, bóyá ojú rẹ̀ ṣókùnkùn tàbí ó tọ̀ sára. Fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyinjú rẹ̀ bóyá àmì pupa kéékèèké wà níbẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan lára rẹ̀, má ṣe fọkàn balẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn kì í ní àmì lára, iṣan inú ọrùn sì lè ti ya, kó pa á lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Ilé ìwòsàn ni ó ń lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá sì ti fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, ewu pé ó máa pa á lọ́jọ́ iwájú ti ga sókè gidigidi. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí adájọ́ tó fẹ́ fún ọkùnrin náà ní béèlì lè rí i.

Bí obìnrin náà bá ní òun kò fẹ́ẹ́ fi ẹjọ́ sùn, má bínú sí i. O lè padà síbẹ̀ nígbà márùn-ún. Bí o bá pariwo mọ́ ọn ní ìgbà kejì, kò ní pè ọ́ ní ìgbà kẹta.

Dídá ọkọ̀ dúró

Ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí rédíò kí o tó tan iná. Yan ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti máa kúrò lójú ọ̀nà, torí ọkọ̀ tó ń kọjá lè pa ọ́ kí ẹni tí o dá dúró tó ronú kan ọ. Bí àyè bá wà, ọwọ́ tí awakọ̀ kò retí rẹ ni kí o gbà yọ sí i, ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí títì. Kí i, sọ ìdí tí o fi dá a dúró kí o tó béèrè ìwé. “Ṣé o mọ ìdí tí mo fi dá ọ dúró?” kì í ṣe ìbéèrè tó dáa, ìdẹkùn ló jọ létí ẹni tí o ń bi. Bó bá fẹ́ mú nǹkan nínú àpò tàbí lábẹ́ àga, jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ fún ọ, kó sì rọra mú un.

Agbára àti ìbọn

Lọ́dún 1979, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà ìwà fún àwọn agbófinró, ẹ̀ka kẹta rẹ̀ sì sọ pé agbófinró lè lo agbára kìkì nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè. Lọ́dún 1990, ní Havana ní orílẹ̀-èdè Cuba, wọ́n fi kún un nípa ìbọn: o kò gbọ́dọ̀ lò ó sí èèyàn àfi láti dá ewu ikú tàbí ìpalára ńlá tó ti dé tán dúró. Ẹni tó ń sá lọ nítorí ó jí fóònù kò sí nínú ìyẹn. Bí ẹnì kan bá fara pa, ìwọ náà lo gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ láìjáfara, kódà bó jẹ́ ìwọ lo ṣe é.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní títì méjì. Ìkejì ni kì í jẹ́ kó máa fún sí i, má gbàgbé rẹ̀. Ìka rẹ kan gbọ́dọ̀ lè wọ àárín irin àti ọwọ́ ẹni náà. Kété tí o bá ti dè é tán, gbé e kúrò ní ìdojúbolẹ̀: fi í jókòó tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́ sẹ́yìn, tó dojú bolẹ̀, tí ẹnì kan sì fi orúnkún lé lẹ́yìn, èémí lè tán lára rẹ̀ lójú yín. Bó bá sọ pé òun kò lè mí, má dá a lóhùn pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí. Ó lè sọ̀rọ̀ títí dé ìṣẹ́jú tó máa fi kú. Dìde kúrò lára rẹ̀ kí o pe ambúláǹsì.

Bó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ ló ń ṣe é ńkọ́? Fi ọwọ́ kàn án léjìká, sọ pé, “Ó tó, mo ti gbà á.” Bí kò bá gbọ́, fà á kúrò. Ó le fún ọmọ tuntun láti fọwọ́ kan ọ̀gá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó le. Ṣe é.

Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀

Ẹ̀mí ló ṣáájú ẹ̀rí. Bí èèyàn bá ṣì ń mí, tọ́jú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàá tẹ ojú ẹsẹ̀ olè mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn á máa gbà wọlé, tí wọ́n á sì máa gbà jáde. Ta okùn yí ibẹ̀ ká ju bí o ṣe rò pé ó yẹ kó fẹ̀ tó lọ. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọlé àti àsìkò tó wọlé, títí kan ọ̀gá pátápátá. Edmond Locard, ọmọ Faransé tó dá yàrá ìwádìí ọlọ́pàá sílẹ̀ nílùú Lyon lọ́dún 1910, ló kọ́ wa pé ẹni tó bá wọ ibì kan á fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀, á sì mú nǹkan ibẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kan ìwọ náà. Má lo ilé ìyàgbẹ́ wọn, má gbé fóònù wọn, má ṣí fèrèsé. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ tútù wà lára rẹ̀, àpò bébà ni kí o fi í sí. Nínú ọ̀rá, ọ̀rinrin á mú kó hu, ẹ̀rí á sì bàjẹ́.

Ya àwọn ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá ti jọ ń rojọ́, ẹni tí kò rí àwọ̀ ọkọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀. Sọ pé, “Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi,” kí o sì dákẹ́. Má bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ̀wù pupa ló wọ̀?”

Ìwé tí wàá kọ

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n pàdánù, kì í ṣe pé afurasí kò jẹ̀bi. Ìwé ni kò dára.

Ìwé pélébé inú àpò rẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Kọ déètì, kọ aago, kọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú èébú inú rẹ̀. Má fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà. Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e kí wọ́n ṣì lè kà á, kí o sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fa ya tàbí tí wọ́n kùn dúdú, agbẹjọ́rò á fi ọjọ́ méjì béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lórí ìròyìn tó gùn, ohun tí o rí ni kí o kọ, kì í ṣe ìdájọ́ tí o ti ṣe lọ́kàn. Ọmọ tuntun kan kọ ọ́ fún mi rí pé, “Afurasí náà ti mutí yó, ó sì ń hùwà ìfura.” Mo ní kó lọ tún un kọ. Nígbà tó padà dé, ohun tó kọ ni pé: “Aago 11:42 alẹ́. Ó di ògiri mú nígbà tó ń dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Mo gbóòórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó súnmọ́ mi. Nígbà tí mo béèrè orúkọ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.” Kò sí “ìfura” kankan nínú èyí, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á á fura. Bí o bá lo agbára, kọ ohun tó ṣe kí o tó fọwọ́ kàn án, ohun tí o sọ fún un, ohun tí o ṣe, àti ìgbà tí o dáwọ́ dúró. “A lo agbára tó yẹ” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Kọ èyí tí kò gbè ọ́ náà. Bí ẹlẹ́rìí kan bá sọ pé ẹni tó sá lọ ga ju ẹni tí o mú lọ, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ọ́ lọ́dún 1963, nínú ẹjọ́ Brady àti ìpínlẹ̀ Maryland, pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó lè gba olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ pa mọ́. Ibi yòówù kí o ti máa ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìwé tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa tún yẹ̀ wò.

Parí rẹ̀ kí o tó sùn. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀la, o máa ti gbàgbé ọwọ́ tó fi mú ìgò náà.

Níwájú adájọ́

Ẹjọ́ lè dé lẹ́yìn ọdún méjì. Ka ìwé rẹ ní àkàtúnkà lóru ọjọ́ tó ṣáájú, kí o sì lọ síbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà bó bá ṣeé ṣe, kí o tún fojú rí bí iná títì ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Gbọ́ ìbéèrè tán kí o tó dáhùn. Dáhùn èyí tí wọ́n bi ọ́, kí o sì dákẹ́. Ẹnu wa máa ń yá láti ṣàlàyé, ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti ń rí ọ̀nà wọlé. Bí o kò bá rántí, sọ pé o kò rántí. Bí o bá ṣàṣìṣe nínú ìwé, gbà á lójú ẹsẹ̀. Agbẹjọ́rò tó ń da ìbéèrè bò ọ́ kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, olùjẹ́jọ́ sì ní ẹ̀tọ́ sí i.

Owó àti ọ̀fẹ́

Ẹni tó bá fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí kò ní sọ pé òun ń fẹ́ nǹkan kan. Lóṣù mẹ́ta sí i, ọkọ̀ rẹ̀ á wà níbi tí kò yẹ, á sì máa wojú rẹ. San owó gbogbo ohun tí o bá rà, tẹ̀ríntẹ̀rín, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó rọrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju ọjọ́ ọgọ́rùn-ún lọ.

Ara àti ọkàn rẹ

Iṣẹ́ òru máa ń ba oorun jẹ́. Fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, pa fóònù, kí o sì sùn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí kò sùn máa ń tètè bínú, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń yá jù.

Ọjọ́ kan á dé tí wàá gbé òkú ọmọdé. Má lọ sílé tààrà lọ́jọ́ yẹn kí o máa díbọ́n pé kò sí nǹkan kan. Jókòó ti ẹni tí ẹ jọ wà níbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ara yín. Sọ fún ẹni tó wà nílé pé ọjọ́ náà le, bí o kò bá tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Bí àwòrán náà bá ń padà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta, tí oorun kò padà, tàbí tí o bá ń fi ọtí wá oorun, lọ rí dókítà. Bó bá ti ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ, má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì: gbé ìbọn rẹ fún ẹnìkejì rẹ lójú ẹsẹ̀, kí o sì jẹ́ kó bá ọ lọ síbi tí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ.